Èbìrìpò Tí Iyọ̀ Rẹ̀ Pọ̀ Jù

Ọyẹ́ ọdún 1981 yẹn, ètè ń là, ilẹ̀ gbẹ táútáú, síbẹ̀ omi wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́, Ṣàgámù. Modúpẹ́ ló rí i. Ó ní ọmọ ta ló tún tọ̀ sílẹ̀ yìí, ló bá gbójú sókè. Obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀. Aṣọ ara rẹ̀ rin gbingbin, omi ń kán nídìí ìró rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wò ó.

Kẹ́ ẹ tó bi mí bóyá ó sá: kò sá. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti sọnù, kí ló tún fẹ́ bà á lẹ́rù? Ṣóbọ̀wálé ọkọ rẹ̀ ló kó obì sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń lọ sí Kánò, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń bọ̀ lókè lọ́hùn-ún ní ọkọ̀ kan já sódò lẹ́yìn Jẹ́bbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá ìjọ fi péjọ lọ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn láti bá a gbàdúrà. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń sunkún ju òun alára lọ.

Modúpẹ́ ti se èbìrìpò tí yóò fi ṣe wọ́n lálejò. Ó rin kókò láàárọ̀, ó bu iyọ̀ sí i, ó ro ti ọkọ rẹ̀, ó tún bu iyọ̀ mìíràn sí i. Ewé gbòdògí tí wọ́n fi ń tẹ́ apẹ̀rẹ̀ obì ló fi pọ́n ọn, ó sì ṣẹ́ orí ewé náà po lẹ́ẹ̀mejì bí Ṣóbọ̀wálé ṣe kọ́ ọ láti máa dé obì. Gbogbo àdúgbò ló máa ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní èbìrìpò Modúpẹ́ ń lọ sí Kánò. Nígbà tó wá tọ́ ọ wò, orí ìyá rẹ̀ o! Ojú tì í débi pé abẹ́ bẹ́ǹṣì ló gbé báàgì èbìrìpò náà sí.

Bí àdúrà ṣe ń lọ, ó la ojú kan. Obìnrin yẹn ń wo báàgì náà, ó ń gbé itọ́ mì. Àánú rẹ̀ ṣe Modúpẹ́ gan-an. Ó dìde láàárín àdúrà tí wọ́n ń gbà fún un, àwọn ìyá ìjọ sì rò pé ìbànújẹ́ ti kọ lù ú lórí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé èbìrìpò kan fún obìnrin náà.

Ó rọra sọ fún un pé, “Ẹ má bínú, Mà. Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀.”

Ọwọ́ tó gbà á tutù bí omi inú àmù. Modúpẹ́ yíjú láti ṣe àmín, nígbà tó fi máa wẹ̀yìn, omi nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì.

Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà ni Ṣóbọ̀wálé fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ariwo tí Modúpẹ́ sọ. Wọ́n gbé e jókòó, wọ́n bu omi fún un, ó mu ún tán, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá Rónkẹ́, oúnjẹ yẹn ló gbà mí là, ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.”

Modúpẹ́ bi í pé oúnjẹ wo. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti kán létí odò, ebi ń pa òun kú lọ, Ọjọ́rú ni. Obìnrin kan jáde látinú omi, aṣọ ara rẹ̀ gbẹ, ó gbé èbìrìpò tí wọ́n ṣẹ́ orí ewé rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì fún òun. Òun ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni àwọn apẹja fi rí òun.

Ó ní, “Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ohùn tìrẹ ló fi sọ ọ́.”

Modúpẹ́ fi ìdí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n jó ìdúpẹ́ débi pé bàtà Modúpẹ́ já. Ibi tó ti ń wá ẹsẹ̀ bàtà kan ló ti rí omi lábẹ́ bẹ́ǹṣì lẹ́yìn Màmá Láídé, ọ̀kan lára àwọn ìyá ìjọ. Obìnrin yẹn ló tún jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ibà ti dá Láídé dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, ó ń gbọ̀n, ìyá rẹ̀ sì fi áńkáṣíìfù bo ojú, ó ń sunkún. Modúpẹ́ sún mọ́ ọn.

“Ẹ wẹ̀yìn, Mà. Òtútù ń mú ẹnì kan níbẹ̀.”

Màmá Láídé wẹ̀yìn, ó wò ó títí. Ó ní òun ò rí ẹnikẹ́ni. Màmá Láídé nu ojú, ó tú ìborùn ọrùn rẹ̀.

“Mi ò rí i o. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé òtútù ń mú un, kó gbà.”

Ó tẹ́ ìborùn náà sórí bẹ́ǹṣì tó ṣófo, ó sì bá Modúpẹ́ jáde lọ sí ọsibítù.

Láídé ti ń sùn nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, kò gbọ̀n mọ́. Ìborùn ìyá rẹ̀ ló fi bora, omi sì ń kán létí rẹ̀.