Ẹnikẹ́ni Kò Sọ fún Tántì Berthe

Gẹ̀ẹ́sì ló fa gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè náà ní Pobè. Brice, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Onigbolo, kì í tètè dé. Lọ́jọ́ kan, kíláàsì ti tú tán kó tó wọlé, òógùn bò ó.

"Madamu, kí lẹ kọ́ wọn?"

"'Fill me in.' Ohun tí èèyàn ń sọ nìyẹn bí kò bá sí níbẹ̀, tó sì fẹ́ kí wọ́n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún òun."

"Ó dáa. Fill me in, ẹ jọ̀ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún ẹ̀kọ́ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ká tó parí, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Ọdún kan la fi fẹ́ra sọ́nà. Bàbá àti ìyá mi ní Sakété mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún Tántì Berthe, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ní Ita-Djèbou. Nílé wa, òun ló ń mú ìyàwó jáde. Bí kò bá dìde, ọmọ kì í lọ ilé ọkọ. Ẹnu rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ojo ni mí, n ò ní purọ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ará ilé Brice wá tọrọ mi, Tántì ránṣẹ́ pé òun ti bá mi gba obì ìtọrọ lọ́wọ́ ìdílé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yannick. Kò mọ̀ pé mo ní ẹnìkan.

Bàbá mi di orí mú. "Prudence, ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Mo di ẹran inú pàkúté. Bí mo bá tẹ̀lé Brice, mo dójú ti bàbá mi. Bí mo bá fẹ́ Yannick, mo sin ara mi láàyè. N kò lè jẹun, n kò lè kọ́ni.

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká sá lọ," ni Brice ń wí.

N kò lè sá. Ita-Djèbou ni mo lọ. Tántì ń bó gbágùúdá. Mo kúnlẹ̀, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi nǹkan kan pamọ́.

"O fẹ́ràn ẹ̀?"

"Gan-an ni, Tántì."

"Gbogbo ilé mọ̀. Èmi nìkan wá di àlejò."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. N kò rí i kó sunkún rí, ojú sì tì mí.

Ó fọ ọwọ́, ó wé gèlè, ó mú obì náà nínú àpótí, ó sì gun zémidjan, ọ̀kadà akérò, lọ. Ó ní kí n máa bó gbágùúdá nìṣó. Nígbà tó padà dé, eruku wà ní eékún rẹ̀ méjèèjì. Ẹni àádọ́rin ọdún ló lọ kúnlẹ̀ fún àwọn òbí Yannick.

"Wọ́n ti gba obì wọn," ló wí, ó sì jókòó ti apẹ̀rẹ̀ gbágùúdá. "Sọ fún ọmọkùnrin ẹ yẹn kó wá lọ́la. Ọ̀dọ̀ mi ni kó kọ́kọ́ yà."