Tíkẹ́ẹ̀tì Méjì fún Ọkọ̀ Aago Mẹ́ta

Fóònù Ruolan gbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta nínú àpò yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Kò tiẹ̀ wò ó kó tó mọ ẹni tó ń pè. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ìdajì ọjọ́ kan ṣoṣo tí ilé ìwé wọn, níbi tí wọ́n ń sùn, ń fún àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá láti sinmi láàárín ọ̀sẹ̀. Kò sì sí ẹlòmíì tó ń pe èèyàn láìsinmi bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe bàbá àgbà rẹ̀.

"Gbé e, jàre," ni Peishan ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Àbí ọkọ ẹ ló ń pè?"

Ruolan yà sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíláàsì.

"Ọmọ mi, mo ti dé èbúté o!" Ńṣe ni Bàbá àgbà ń pariwo bí ẹni tó ń bá ará òdìkejì odò sọ̀rọ̀. "Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ti wà lọ́wọ́ mi. Aago mẹ́ta ni ọkọ̀ wa ó gbéra. Mo ra ọbẹ̀ ẹja lílọ̀ tí wọ́n ṣù roboto, èyí tó o fẹ́ràn, ó ṣì gbóná. Tètè máa bọ̀!"

Láti ìgbà ọdún tuntun ni Ruolan ti ṣèlérí pé òun á bá a wọ ọkọ̀ yìí. Nígbà tí bàbá àgbà wà ní ọ̀dọ́, agbépóò ni ní ìlú Fuzhou lórílẹ̀-èdè Ṣáínà. Orí odò tó gba àárín ìlú kọjá yìí náà ló ti ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ rẹ̀ ní ìdájí. Bó bá ti kígbe, àwọn aráalé á gbé póò ìgbẹ́ wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta tó wọnú omi, òun á dà á sínú ọkọ̀, á sì kó o lọ fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ìlú. Lórí ọ̀kan nínú àwọn àtẹ̀gùn yẹn ló ti rí ìyá àgbà Ruolan. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi bá ọmọbìnrin náà da póò kó tó dá a lóhùn.

Nígbà tó yá, odò náà dúdú bí èédú, òórùn rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí fèrèsé. Àwọn ìjọba wá gbẹ́ ẹ, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n gbin igi sí etí rẹ̀, wọ́n to iná aláràbarà sí i. Ní báyìí, àwọn tó ń gbafẹ́ ló ń wọkọ̀ lórí rẹ̀.

"Orí omi nìkan ni mo ti lè dá àtẹ̀gùn yẹn mọ̀," ni bàbá àgbà máa ń wí. "Wọ́n ti tún orí ilẹ̀ ṣe débi pé ẹsẹ̀ mi ò mọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n gbé mi sórí omi, kí n dijú, n ó sọ fún ẹ pé, 'Ibí yìí ni.' Ibẹ̀ ni n ó ti sọ ohun tí ìyá àgbà ẹ wí fún mi lọ́jọ́ náà. N ò tíì sọ ọ́ fún bàbá ẹ pàápàá."

Ọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé Peishan àti Tingyu, ọ̀rẹ́ wọn kan ní kíláàsì, náà fẹ́ wọkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Àṣà àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ni, pé kí ìdánwò àṣewọ yunifásítì tó dé, wọ́n á wọkọ̀ kọjá lábẹ́ Afárá Ipò Kìíní, wọ́n á sì na bírò wọn sókè kí orí lè ṣe é ní rere. Bẹ́ẹ̀ bàbá àgbà kò sì lẹ́nu tí í dákẹ́. Nígbà ọdún tuntun tí Peishan wá kí wọn nílé, ohun tí bàbá àgbà kọ́kọ́ bi í ni àdúgbò tí àwọn bàbá rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀. "Háà! Èmi ni mo kó ìgbẹ́ bàbá bàbá ẹ!" ló fi tayọ̀tayọ̀ wí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Peishan fi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe Ruolan ní Ọmọọba Póò.

Ruolan gbé fóònù mọ́ etí. Ó rí i lójú inú bí bàbá àgbà ṣe máa nàró láàárín ọkọ̀, tí á máa ka ìgbẹ́ ìlú láti ojúlé dé ojúlé, tí àwọn ọ̀rẹ́ òun á sì máa gbọ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá àgbà. Olùkọ́ ìṣirò ní ká dúró. Wọ́n fẹ́ kọ́ wa ní àfikún ẹ̀kọ́."

Bàbá àgbà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kò burú. Ìwé ló ṣe pàtàkì. Kàwé ẹ dáadáa. N ó ṣì jókòó síbí díẹ̀, bóyá wọ́n á tètè tú yín sílẹ̀."

"Ẹ má dúró o, Bàbá àgbà. Ẹ máa lọ sílé."

Ṣùgbọ́n ó ti pa fóònù.

Èbúté òkè ni àwọn ọmọbìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọkọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ife tíì oní-mílíìkì lọ́wọ́. Afinimọ̀nà wọn, obìnrin kan tó fi fìlà funfun, ń sọ̀rọ̀ nínú gbohùngbohùn bí ẹni tó ń ka àkọ́sórí.

"Láyé àtijọ́, ọkọ̀ agbépóò ló ń gba ojú omi tí ẹ wà yìí."

Tingyu di imú. Peishan fi ìgúnpá gún Ruolan. "Kábíyèsí, Ọmọọba Póò! Ilẹ̀ baba yín rèé o!"

Ruolan rẹ́rìn-ín. Òun ló tiẹ̀ rẹ́rìn-ín jù nínú wọn.

Ẹ̀rín náà ni wọ́n ń rín lọ nígbà tí ọkọ̀ ya kọ́nà, tí èbúté ìsàlẹ̀ sì yọ. Bàbá àgbà wà lórí àga onípákó níbẹ̀. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú tó máa ń wọ bó bá ń lọ sóde, ó gbé ọbẹ̀ ẹja sórí itan nínú ọ̀rá. Òjò ti ń ta, kò sì mú agboòrùn dání. Nígbà tó rí ọkọ̀, ó dìde, ó na ọwọ́ sókè, ó ń jù ú.

"Ẹ wo bàbá yẹn," ni Tingyu wí. "Ó ti ń juwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ látàárọ̀ ni o, ó jọ bẹ́ẹ̀."

Àwọn èrò ọkọ̀ juwọ́ padà. Ruolan bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Bàtà tó wọ̀ lọ́jọ́ náà kò sì ní okùn. Ìgbà tó máa fi gbórí sókè, wọ́n ti kọjá lábẹ́ Afárá Ipò Kìíní, kò sì rántí na bírò rẹ̀.

"Bí mo bá ṣe ìdánwò tán, n ó mú wọn wá," ló wí fún ọkàn ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje péré ló kù. Odò náà kò ní sá lọ síbì kan.

Òjò náà rọ̀ títí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, fóònù bàbá àgbà kò lọ mọ́. Nígbà tí Ruolan pe bàbá rẹ̀ láti ilé ìwé, èsì tó gbọ́ ni pé fóònù bọ́ sómi, àti pé bàbá àgbà ti lọ sinmi lọ́dọ̀ àǹtí wọn ní abúlé. Ọkàn Ruolan balẹ̀. Òótọ́ kò ṣeé fi pamọ́: inú rẹ̀ dùn pé òun kò ní tíì fojú kan bàbá àgbà. Bí ìyá rẹ̀ bá gbé ọbẹ̀ wá fún un lọ́jọ́ Àìkú, ojú ìyá náà á wú. "Àlùbọ́sà ni mo gé," ni ìyá á wí. Ruolan kò sì wádìí, nítorí pé gbígbàgbọ́ rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju ìbéèrè lọ.

Ọjọ́ tí ìdánwò parí, èrò kún ẹnu ọ̀nà ilé ìwé bí eéṣú. Ìyá rẹ̀ wọ aṣọ pupa gígùn tí àwọn ìyá ń wọ̀ kí ọmọ wọn lè yege, ó mú òdòdó dání. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́yìn.

"Màámi, mo ti ṣe é tán! Ẹ jẹ́ ká lọ mú Bàbá àgbà ní abúlé. Ọ̀la ni mo fẹ́ mú wọn wọkọ̀."

Ẹ̀rín kú lójú ìyá rẹ̀. Ó ṣí báàgì, ó mú aṣọ dúdú pélébé kan àti abẹ́rẹ́ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í há a mọ́ apá aṣọ Ruolan. Níbi gbogbo láyìíká wọn, àwọn ọmọ ń ju fìlà sókè.

"Kí lèyí, Màámi?"

Bàbá rẹ̀ ló dáhùn. "Bàbá àgbà ẹ ti sùn. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òtútù àyà ni."

"Ẹ ti sin wọ́n?"

"A ti sin wọ́n."

"Láìsí èmi?"

"Àwọn fúnra wọn ló ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ. 'Ẹ jẹ́ kó kàwé.' Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ nìyẹn títí."

Ruolan wo aṣọ pupa lọ́rùn ìyá rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í wọ pupa. Ìyá rẹ̀ bọ́ dúdú, ó wọ pupa, nítorí tirẹ̀.

"Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ tí òjò pa wọ́n?"

Bàbá rẹ̀ ní, "Wọ́n ní àwọn rí ọmọ kan nínú ọkọ̀ tó jọ ẹ́ gan-an. Wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín, pé inú àwọn dùn sí i, pé àwọn juwọ́ sí i. Mo ní, 'Bàbá, kíláàsì ni Ruolan wà.' Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, 'Mo mọ̀. Kíláàsì ló wà.'"

Ibẹ̀ ni Ruolan ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láàárín èrò, láti orí olùkọ́ ìṣirò dé orí okùn bàtà. Bàbá rẹ̀ kò bá a wí. Ìbá sàn kó bá a wí. Àpò ìwé kan ló nà sí i, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló sì wà nínú rẹ̀, fún ọkọ̀ aago mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ya.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì lọ sí èbúté.

"Ọjọ́ ti kọjá lórí èyí, ọmọdébìnrin," ni ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì wí. Ruolan ra òmíràn, ó wọkọ̀ lóun nìkan.

"Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà láyé àtijọ́," ni afinimọ̀nà onífìlà funfun wí.

Ruolan ka mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Gbogbo wọn jọra, òkúta àti ewédò. Ó dijú bí bàbá àgbà ti wí, kò gbọ́ nǹkan kan ju ìró ẹ́ńjìnnì lọ. Kò sí ẹni tó lè sọ pé, "Ibí yìí ni." Ohun tí ìyá àgbà sọ lórí àtẹ̀gùn náà ti wọ ilẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n. Ruolan yege ìdánwò náà nígbà tí èsì dé, ṣùgbọ́n kò ṣe é bíi pé ó yege.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, iṣẹ́ tí àwọn bàbá wa ṣe tí a fi di èèyàn kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ kì í pẹ́ tán nílẹ̀. Ẹni tó bá sì ń sọ fún àgbà pé kó dúró de òun, kó rántí pé odò lè dúró, afárá lè dúró, àgbà kò lè dúró. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Ruolan kò ju ọ̀sẹ̀ méje lọ tí òtítọ́ fi bá a, ó sì ti pẹ́ jù. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.