Ẹni Tó Kọ Ewì àti Ẹni Tó Fi Kọrin

Nígbà tí Olóhùn Iyọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, gbogbo kíláàsì ṣì ń wò ó. Orin tó kọ tán kò ju ìlà mẹ́ta lọ:

Maṣíìnì ìyá mi, ta ló pa ọ́ lẹ́nu mọ́?
Abẹ́rẹ́ rẹ wà, òwú rẹ wà,
Ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ọ́ ni mi ò rí mọ́.

Tíṣà orin, obìnrin tí kì í tètè yin èèyàn, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ rántí ohun tí mo sọ? Ọ̀pọ̀ orin àtijọ́ táyé ò tíì gbàgbé, inú ewì ni wọ́n ti jáde. Olórin á ka ewì náà títí á fi máa gbọ́ ohùn nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ akéwì fi máa ń wà lápá òsì ìwé orin, tí ti olórin á wà lápá ọ̀tún." Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Orúkọ rẹ ni mo rí lápá méjèèjì. Ṣé ìwọ lo kọ ewì náà?"

Ẹnu yá ju ọkàn lọ. "Èmi ni, mà."

Lórí ìjókòó kẹta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ tẹjú mọ́ tábìlì. Inú ìwé ìṣirò tí Jẹ́jẹ́ yá Olóhùn Iyọ̀ ni ewì náà ti já bọ́, kò tíì pẹ́ tí wọ́n sin ìyá Jẹ́jẹ́, aránṣọ.

"Orin yìí ló máa ṣojú wa níbi ìdíje," ni Tíṣà wí, "àmọ́ ó kúrú. Kọ ẹsẹ kejì wá lọ́la."

Ẹ̀yin èèyàn mi, olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Gbogbo ọ̀sán ni Olóhùn Iyọ̀ fi jókòó ti bébà. Ó kọ "òwú funfun," ó pa á rẹ́. Ó kọ "ìyá dára," ojú ara rẹ̀ tì í. Ìyá tirẹ̀ ń bẹ nínú yàrá kejì, ó ń pariwo pé ta ló gbé sálúbàtà òun. Ibo ni ọmọ yẹn yóò ti mọ bí ilé tí maṣíìnì ti dákẹ́ ṣe rí?

Nírọ̀lẹ́, ó kan ilẹ̀kùn Jẹ́jẹ́.

"O wá kó èyí tó kù ni?" ni Jẹ́jẹ́ bi í.

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ ní kíláàsì?"

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí o ṣe ń kọ ọ́, ó dà bíi pé màámi wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kó tán. Ó dùn mí o. Má rò pé kò dùn mí."

"Mo máa sọ fún Tíṣà."

"Sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ojú gbogbo wọn lo ti purọ́."

Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì lójú gbogbo kíláàsì. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Iyọ̀ ti bọ́ sómi." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò pariwo, kò sì fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Orin á lọ síbi ìdíje pẹ̀lú orúkọ ẹ̀yin méjèèjì. Jẹ́jẹ́ ni yóò kọ ẹsẹ kejì, ẹlòmíràn ni yóò sì fi ohùn gbé orin náà."

Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni Olóhùn Iyọ̀ jókòó sí, ohùn ẹlòmíràn ń rìn nínú orin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ó ká a lára. Orin parí, wọ́n kọ́kọ́ pe akéwì. Jẹ́jẹ́ dìde, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Olóhùn Iyọ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bá wọ̀ yín lára débi tó di orin, ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yanu, ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín. Ìyìn tí a bá pín pẹ̀lú olóhun kì í dín. Èyí tí a bá jí ni kì í jẹ́ ká sùn.