Ẹ̀dà Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Eyín iwájú tó ká lẹ́nu ọmọ mi ní Ọjọ́rú tún ti wà níbẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ilé ni mo sì ti ń ṣe é. Mo ní wíkì kan lórí kọ̀ǹpútà, tí mo fi ṣe ìwé iṣẹ́: ohun tó bá bàjẹ́, bí mo ṣe tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ ni mo ń kọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ìwé tirẹ̀. Wíkì náà kì í pa nǹkan rẹ́. Bí mo bá yí ojú ìwé kan padà, á tọ́jú ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀, kí n lè dá a padà bí tuntun bá dàrú. Bọ́tìnnì kan péré ni màá tẹ̀.

Nígbà tí Tíńtín, ọmọ ọdún mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣí ojú ìwé kan fún un láàárín àwọn ti iṣẹ́. Mo kọ ooru ara rẹ̀ síbẹ̀: 36.8.

Bàbá rẹ̀ yọjú wò ó. "Ìyá Tíńtín, ọmọ lèyí o, kì í ṣe kọ̀ǹpútà."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ọpọlọ mi ti kún."

Ní Ọjọ́rú, eyín rẹ̀ ká, bàbá rẹ̀ wé e sínú bébà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ibà dé. 38.2. Ní Ọjọ́bọ̀, 39.4, dókítà fún un lóògùn. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ó di 40.1, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí mi mọ́. Bàbá rẹ̀ sáré lọ gbé mọ́tò wá, ká lè gbé e padà sílé ìwòsàn. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kọ̀ǹpútà lórí itan. Mo kọ iye náà sílẹ̀, mi ò sì lè wò ó. Ọwọ́ mi ṣe ohun tó máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ tí nǹkan bá ti kọjá àtúnṣe: ó yan ẹ̀dà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tẹ bọ́tìnnì.

"Mọ́mì, ebi ń pa mí."

Ó ti dìde jókòó. Ara rẹ̀ tutù bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó bi mí bóyá ọ̀la ni Ọjọ́rú, torí Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń yàwòrán nílé ìwé.

Bàbá rẹ̀ wọlé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ó gbé ọmọ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, Tíńtín náà la ẹnu ó rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó lọ mú bébà náà wá, ó tú u. Eyín wà nínú rẹ̀.

"Ìyá Tíńtín," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "èwo wá ni ti ẹnu rẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ ná."

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo lọ wo àwọn ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀. Ti Ọjọ́ Ẹtì, èyí tí mo pa tì, wà níbẹ̀. Ìlà tí mo kọ gbẹ̀yìn ni 40.1. Ṣùgbọ́n ìlà mìíràn ti wà lábẹ́ rẹ̀. Aago mẹ́rin, 40.3. Aago márùn-ún, 40.4. Ẹ̀dà tí a bá ti pa tì kì í gùn sí i.

Mo pa á dé, mo tún un ṣí. Ìlà tuntun ti wọlé, kì í ṣe iye.

Mọ́mì, ibo lẹ lọ?

Bọ́tìnnì tí mo fi lè dá a padà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ ẹni tí yóò padà bí mo bá tẹ̀ ẹ́, mo sì mọ ẹni tí yóò lọ. Ojú ìwé kan kì í gba ẹ̀dà méjì. Mo ṣì ń wò ó nígbà tí èyí tó wà lọ́dọ̀ wa wá gun itan mi, ó ní kí n wo àwòrán tí òun yà. Èmi ni, pẹ̀lú orí ńlá àti ẹsẹ̀ mẹ́ta. Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

Ìlà kan tún yọ lójú kọ̀ǹpútà.

Mọ́mì, ta lẹ ń bá rẹ́rìn-ín?