Kànga Kẹrin ní Òkè-Sópẹ́n

"Ẹ dúró o, Màmá! Ẹ má tíì ju korobá sí i o!"

Láti ojú ọ̀nà ni mo ti ń pariwo. Màmá Ọládòṣù kàn rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga wọn, wọ́n fi ìborùn wé orí nítorí ọyẹ́, korobá wọn sì wà ní dídojúdé nílẹ̀.

"Ta ló fẹ́ jù ú? Ṣé mo jẹ́ fọwọ́ kàn án kí o tó dé ni? Ó yá, wá wọ̀n ọ́n, kí èmi náà lè rí omi bọ́jú."

Mo ṣí ìdérí kànga, mo sọ okùn ìwọ̀n sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irin kékeré tó wà lẹ́nu okùn náà kan omi, ó dún "pọ́". Mo fi ìka di okùn mú níbi tó ti kan etí kànga, mo ka nọ́ńbà ara rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé: mítà mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá.

"Ó tún ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ ju ti àná lọ, Màmá."

"Ọyẹ́ ni. Omi náà ń sá fún òtútù." Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ Bùọ̀dá Ajíbádé ni mo ń ṣe. Yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n ti ń kọ́ nípa omi abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ bí omi kànga ṣe ń lọ sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti ìgbà tó ń padà gòkè, kí ìlú lè mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga tuntun sí àti bó ṣe yẹ kó jìn tó. Wọ́n wá sí ilé ìwé wa, wọ́n bèèrè ẹni tó lè máa jí ní kùtùkùtù, mo sì nawọ́ sókè. Kànga mẹ́rin ní Òkè-Sópẹ́n ni wọ́n fún mi. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: omi tó ti sinmi mọ́jú ni kí n wọ̀n. Tí ẹnikẹ́ni bá ti fa korobá kan péré kí n tó dé, ìwọ̀n ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bùọ̀dá fúnra wọn ló lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń bẹ àwọn onílé. Nínú àgbàlá àǹtí mi, ariwo ni lójoojúmọ́, nítorí àwọn ayálégbé fẹ́ tètè pọnmi. Ní kànga mọ́ṣáláṣí, àfi kí n bá àwọn tó ń pọn omi àlùwàlá sá eré ìje. Màmá Ọládòṣù nìkan ló gba òfin yẹn bí ẹni búra. Wọ́n ní àwọn kò ní í pọnmi títí n ó fi dé, ó tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn omi ni mo ṣe nawọ́. Omi ti sú mi. Efire ni wọ́n bí mi sí, ní ẹ̀bá ọ̀sà, níbi tí bàbá mi ti ń pẹja. Nígbà tí ìyá mi kú, bàbá kó mi wá sọ́dọ̀ àbúrò wọn, Àǹtí Kúbúrá, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí n lè kàwé dáadáa. Àǹtí ò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dálẹ́. Ní ilé ìwé, bí mo bá la ẹnu, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ohùn mi. "Ará etí omi" ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń dá jẹun ọ̀sán lẹ́yìn kíláàsì, mo sì máa ń ṣe bí ẹni ń kàwé kí wọ́n má baà mọ̀ pé mi ò ní ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀. Ó dùn mí gan-an.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wá ń dúró pẹ́ lọ́dọ̀ Màmá Ọládòṣù. Ilé wọn ló gbẹ̀yìn pátápátá, ní ọ̀nà odò, kò sí aládùúgbò kankan nítòsí. Àwọn nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ọládòṣù ọmọ wọn wà ní Èkó, ó sì fẹ́ kó wọn lọ.

"Mo ti sọ fún un pé mi ò lọ," Màmá sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Inú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n máa tì mí mọ́. Ó ní kí n wá sọ ẹni tó máa mọ̀ bí nǹkan bá ṣe mí. Mo ní, ọmọ kan ń wá wò mí lárààárọ̀, Raheemah lorúkọ rẹ̀. Ìyẹn ló pa á lẹ́nu mọ́." Wọ́n bọ́ ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́, mo sì ń jẹ ẹ́ lọ sí ilé ìwé.

Oṣù kan kọjá báyìí. Lọ́jọ́ kan, Tamílọ́rẹ, ọmọ kíláàsì wa tí gbogbo ènìyàn fẹ́ máa bá rìn, bi mí pé ṣé mo fẹ́ máa bá òun àti Aqeelah ọ̀rẹ́ òun wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ọkọ àǹtí rẹ̀ ló ń wà á, ó ń gbé wọn lọ sí ilé ìwé lárààárọ̀, àyè ẹnìkan sì ṣẹ́ kù.

Èmi kẹ̀? Inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn dáadáa.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ náà ń kúrò ní ìkóríta ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Mo lè wọn kànga mẹ́ta kí ó tó di ìgbà yẹn. Ti kẹrin, ti Màmá Ọládòṣù, láéláé. Mo sọ fún Tamílọ́rẹ.

"Ìwọ náà!" ó dáhùn. "Omi inú kànga, ibo ló fẹ́ sá lọ? Ṣebí o mọ iye tó ń dín lójoojúmọ́. Kọ ọ́ síbẹ̀ jàre."

Aqeelah gbọ̀n mí lápá. "Tó ò bá wá, Muslimah la máa fún láyè yẹn o."

Mo wá. Ọjọ́ kìíní, ọkàn mi ń dààmú nínú kẹ̀kẹ́. Mo ní bóyá kí n yà sọ́dọ̀ Màmá tí a bá jáde ní ilé ìwé, kí n sọ pé mi ò ní í lè máa wá ní àárọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ fún Màmá, wọ́n á sọ fún Bùọ̀dá Ajíbádé, Bùọ̀dá á sì gba ìwé lọ́wọ́ mi. Mo sì ti fẹ́ kí orúkọ mi wà nínú iṣẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Mo dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé tí Màmá bá retí mi títí, wọ́n á pọnmi wọn. Kí ló lè tún ṣẹlẹ̀?

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mi ò tilẹ̀ rò ó mọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kọ ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lo báírò búlúù, mo tún lo dúdú, kí ó lè dà bí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ń fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin kún un lójúmọ́. Ó rẹwà gan-an lójú. Èmi àti Tamílọ́rẹ ń rẹ́rìn-ín nínú kẹ̀kẹ́, ẹnikẹ́ni ò pè mí ní ará etí omi mọ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá sì kọjá tí mi ò dé ọ̀nà odò, títí kan òpin ọ̀sẹ̀ pàápàá.

Ní Sátidé tó parí oṣù, Bùọ̀dá Ajíbádé dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n tiwọn. Gbogbo ìparí oṣù ni wọ́n ń wá yẹ iṣẹ́ mi wò. Kànga mẹ́ta àkọ́kọ́ bá ìwé mi mu. Wọ́n gbá mi léjìká, wọ́n ní mo ṣe dáadáa. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà odò, ẹ̀yìn wọn ni mo ń rìn.

Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn Màmá Ọládòṣù. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àpótí.

"Bóyá wọ́n lọ sọ́jà," Bùọ̀dá sọ. Wọ́n sọ okùn sínú kànga, wọ́n ka nọ́ńbà, wọ́n wo ìwé mi, wọ́n sì tún okùn náà sọ. "Raheemah, mítà márùn-ún àti sẹ̀ǹtímítà ọgọ́ta lo kọ fún àná. Mítà márùn-ún àti ogún ni mo rí. Òjò ò rọ̀. Báwo ni omi ṣe gòkè?"

Bùọ̀dá fọwọ́ kan okùn korobá tó wà nílẹ̀. Ó ti gbẹ gan-gan. Wọ́n yí korobá náà padà, eruku ọyẹ́ kún ara rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó fa omi níbí láti ọjọ́ pípẹ́," wọ́n sọ. "Kí ló dé?"

Bàbá Àkànjí, àgbẹ̀ kan tó ń kọjá lọ sóko, ló dá wa lóhùn. "Ṣé Màmá Ọládòṣù lẹ ń wá? Ilé ìwòsàn ni wọ́n wà. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo bá wọn ní odò, wọ́n ti yọ̀ ṣubú lórí àpáta, egungun itan wọn ti kán. Èmi ni mo gbé wọn lórí ọ̀kadà."

"Odò?" Bùọ̀dá ní. "Ṣebí wọ́n ní kànga?"

"Ohun tí èmi náà bi wọ́n nìyẹn. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí mo ti ń rí wọn tí wọ́n ń ru kẹ́ẹ̀gì kékeré láti odò. Wọ́n ní ọmọ kan ń bọ̀ wá wọn omi kànga náà, bóyá àìsàn ló ń ṣe é. Wọ́n ní tí àwọn bá fa omi náà kí ó tó dé, iṣẹ́ rẹ̀ á bàjẹ́."

Subuhanallai! Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, nínú eruku. Bùọ̀dá Ajíbádé wò mí, wọ́n wo ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn, búlúù àti dúdú, wọ́n sì pa ìwé náà dé.

Ọjọ́ yẹn náà la lọ sí ilé ìwòsàn. Màmá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ti kéré sí i lójú mi. Ọládòṣù ọmọ wọn, ọkùnrin gíga kan, dúró tì wọ́n. Bí Màmá ṣe rí mi, ojú wọn tàn.

"Raheemah! Ara rẹ ti yá? Mo ní àìsàn ló dè ọ́ mọ́lẹ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ o, mi ò fọwọ́ kàn án rárá. Bí o ṣe fi í sílẹ̀ ló wà."

Mo bú sẹ́kún. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: kẹ̀kẹ́, Tamílọ́rẹ, báírò méjì. Mo sọ pé ara mi ò fi ọjọ́ kan ṣàìyá. Màmá fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Wọn ò bínú. Ì bá sàn tí wọ́n bá bínú.

"O ò bá ti sọ fún mi," wọ́n dáhùn níkẹyìn. "Mi ò bá ti pọn omi mi. Mo rò pé nítorí èmi náà lo ṣe ń wá."

Wọ́n yí ojú sí ògiri. Ọládòṣù tún aṣọ bò wọ́n, ó sì rọra sọ pé, "Màmá, ẹ ti rí i báyìí. Ẹ máa bá mi lọ sí Èkó." Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá ò sọ pé àwọn ò lọ.

Bùọ̀dá Ajíbádé ò nà mí, wọn ò pariwo. Wọ́n fa ilà pupa gba orí gbogbo ìwọ̀n kànga kẹrin. "Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí ò ní padà wá kí a tún un wọ̀n," wọ́n sọ. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n sì fún Muslimah, ọmọ kíláàsì wa. Nígbà tí Àǹtí Kúbúrá gbọ́, wọ́n dá ẹ̀rọ ìránṣọ wọn dúró fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì wò mí títí. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún Tamílọ́rẹ pé mi ò wọ kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má bi mí ní ìdí rẹ̀.

Mo ti padà sí dídá jẹun lẹ́yìn kíláàsì. Mo máa ń pe Màmá lórí fóònù Ọládòṣù ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ń dá mi lóhùn dáadáa, wọ́n ń bèèrè ẹ̀kọ́ mi, ṣùgbọ́n wọn kì í bèèrè kànga. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé, wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka èyí, mo mọ bó ṣe ń dun ènìyàn tó bá dá wà, mo sì mọ ohun tí a lè ṣe kí a lè ní ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gba iṣẹ́ kan, tí ó sì sú yín, ẹ má ṣe fi irọ́ dí àyè rẹ̀. Ẹ ò lè mọ ẹni tó jókòó sí ìdí rẹ̀, tó ń retí yín. Ẹ lọ bá a, kí ẹ sọ pé, "Mi ò ní í lè wá mọ́." Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èmi ò sọ ọ́, ìyá arúgbó kan sì pàdánù ilé rẹ̀ nítorí èmi.