Ihò Eyín Tí Kò Jò

Ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú bí búrẹ́dì, sípánà nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Inú dókítà eyín yọ́ sí i. Ó fọ ihò eyín náà, ó fi ìdíhò fìdíhẹ dí i.

"Púlọ́ńbà ni yín, ẹ wá jẹ́ kí eyín yín máa jò?"

"Ẹ má bínú, dókítà. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kan ni dókítà dá fún un kó padà wá gba ìdíhò tí yóò wà títí. Ọjọ́ kẹta ni ọkùnrin náà ti dé, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ìdíhò òun ṣì wà níbẹ̀. Kí oṣù tó yí po, ìfẹ́ ti kó sí àwọn méjèèjì lórí.

Àmọ́ bàbá dókítà, tóun náà jẹ́ dókítà eyín, tó sì ni ilé ìwòsàn náà, fi àáké kọ́rí.

"Mi ò rán ọ lọ sí yunifásítì kó o wá fẹ́ púlọ́ńbà. Kí lẹ ó jọ máa sọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun dókítà wọra. Ó gbájú mọ́ iṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò, níbi tó ti ń dán ìdíhò fìdíhẹ wò lára eyín tí wọ́n ti yọ. Kòkòrò àìfojúrí wà lókè eyín kọ̀ọ̀kan, ìgò omi mímọ́ tó ní oúnjẹ kòkòrò wà nísàlẹ̀. Bí kòkòrò bá ráyè kọjá, omi á dàrú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe é, gbogbo rẹ̀ ló sì dàrú kí ọ̀sẹ̀ tó pé.

Nígbà tí púlọ́ńbà wá kí i níbẹ̀, ó tẹjú mọ́ àwọn ìgò náà. "Ayọ̀ mi, báwo ni ìdíhò yẹn ṣe nípọn tó?"

"Mìlímítà méjì. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Ó ti fẹ́lẹ́ jù! Sọ ọ́ di mẹ́rin. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa kì í látìsàlẹ̀ wá, kí afẹ́fẹ́ má ráyè sá pamọ́ síbẹ̀."

Dókítà kọ́kọ́ fẹ́ jiyàn. Lẹ́yìn náà ó dí ogún eyín bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, omi inú ìgò méjìdínlógún ṣì mọ́ gaara. Bàbá gbé ìgò kan sójú fèrèsé, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi mìlímítà méjì dí eyín.

"Ta ló ní kó o sọ ọ́ di mẹ́rin?"

"Ẹni tí ẹ ní a ò ní rí ọ̀rọ̀ bá ara wa sọ ni, bàbá."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ pe púlọ́ńbà, ó fa àga fún un fúnra rẹ̀.

"Jókòó, ọkọ ọmọ mi. Wá fi bó o ṣe ń kì í hàn mí."

Dókítà fò mọ́ ọkùnrin rẹ̀ lọ́rùn lójú bàbá, ojú ò sì tì í rárá.