Àrọ̀ Gíláàsì Mẹ́fà

Nínú ara ẹja ni Tawat ti kọ́kọ́ rí ojú Nittaya. Àrọ̀ gíláàsì ni wọ́n, àwọn kékeré tí ara wọn mọ́ gaara débi pé èèyàn lè ka egungun wọn. Òun wà ní ẹ̀gbẹ́ kan àpótí omi nínú ọjà Phunphin, ọmọbìnrin tó ń ta ẹja wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ojú tó ti rẹ̀ ń wo ojú tó ti rẹ̀. Ó ti ń wa ọkọ̀ ojú irin láti ogún ọdún, kò sì rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bá mi mú ọ̀kan."

"A kì í ta ọ̀kan, bọ̀dá. Tó bá dá wà, ìpayà ló máa pa á. Mẹ́fà ni."

"Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní o."

"Ẹja ò béèrè pálọ̀ lọ́wọ́ yín."

Ó kó mẹ́fà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò wá bi í ní nǹkan.

"Ṣé ẹja máa ń sùn?"

"Ó máa ń sùn."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Bọ̀dá, ìbéèrè yín ti pọ̀ ju ẹja yín lọ!"

Ìfẹ́ àwọn tó ti rẹ̀ kì í sáré; á kọ́kọ́ wá ibi jókòó. Lórí àga ike lẹ́yìn ìsọ̀ ni tiwọn jókòó sí, wọ́n ń jẹ ìrẹsì, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìyá Lamai, ìyá Nittaya, kò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Ọkọ tirẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wáṣẹ́, kò padà títí dòní.

"Ẹni tí kì í gbélé, kí ló fẹ́ fi ìyàwó ṣe?" ló wí. "Ó dáa. Tí ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá wà láàyè títí òjò ọdún yìí á fi dá, kó wá. Tí ọ̀kan bá kú, kó má yọjú síbí mọ́."

Tawat gbà. Ó fi ewé bo iná àpótí, nítorí àwọn ẹja náà ò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá gbé e lọ, Nittaya ló ń bá a bọ́ wọn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí òjò dá, ibà dá Nittaya dùbúlẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá Tawat lọ bọ́ wọn. Ó bá ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lábẹ́ ewé, wọ́n kóra jọ, wọn ò mira. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n kò mọ̀. Ó rò pé ara wọn ò yá, àánú ṣe é, ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sí omi, bó ti máa ń ṣe láti kékeré fún ẹja oníjà, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń sìn nínú ìgò. Ẹja oníjà ní ìpẹ́ tó ń gbà á lọ́wọ́ iyọ̀. Àrọ̀ ò ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Tawat ti ibi iṣẹ́ dé, ara wọn ti funfun bí omi ìrẹsì. Ó ti ìka bọ omi, ó tọ́ ọ lá. Ìyá Lamai wà lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i.

Nittaya dìde lórí àìsàn wá. Ife kan ni wọ́n ń bù jáde, ife omi òjò kan ni wọ́n ń dà padà, nítorí ìyípadà òjijì á pa wọ́n. Títí dìrọ̀lẹ́. Márùn-ún gbádùn, ọ̀kan kú.

"Kí ló wọnú omi yìí?" Nittaya béèrè.

"Èmi ni mo ṣàṣìṣe," Tawat wí. "Ìyá, àdéhùn ni àdéhùn. Ẹ kú ìtọ́jú. Mi ò ní yọjú mọ́."

Ìyá Lamai jókòó sílẹ̀.

"O tọ́ iyọ̀ náà lá, mo rí ọ. Èmi ni mo dà á. O sì mọ̀."

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Àánú wọn ló ṣe yín."

Obìnrin náà sunkún bí ẹni tí kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Nígbà tó nu ojú tán, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀: "Lọ mú ìkẹfà wá lọ́jà. Má gbowó lọ́wọ́ ọkọ rẹ."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tọkọtaya kúnlẹ̀, okùn funfun so orí wọn pọ̀ bí àṣà ibẹ̀. Àwọn àgbà ń fi ìkarahun òkun da omi sí wọn lọ́wọ́, wọ́n ń súre. Ó kan Ìyá Lamai. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dà á. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí àna rẹ̀.

"Má fòyà," ló wí. "Mo ti tọ́ omi yìí lá. Kò sí iyọ̀ ńbẹ̀."